Okùn Tí Mo So Mọ́ Káàdì Aránṣọ

Dókítà tó ń tọ́jú mi kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi lánàá. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn mi. Mo bi í pé, "Èèyàn wo?" Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wá bírò àti ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti bá a jẹun, mo ti bá a sùn, mo gbé e lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì tún gbé e padà wálé. N kò fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Ó tó àkókò kí n tú u sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sí sàréè mi lè mọ ìdí tí òun fi ń tutọ́.

Ẹ má fi ojú àánú ka ìwé yìí. Mo pa obìnrin kan. N kò yọ ọ̀bẹ sí i, n kò sì fi májèlé sínú omi rẹ̀. Irọ́ kan, okùn kan àti kọ́kọ́rọ́ kan ni mo fi pa á, mo sì dúró bí ère nígbà tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Okùn tí mo ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́. Màá ṣàlàyé rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí náà ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yàrá káàdì ni mo wà, Bàbá Káàdì sì ni gbogbo wọn ń pè mí. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tí a ń kọ àìsàn rẹ̀ sí. Lókè káàdì náà, bírò pupa la fi ń kọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, kí dókítà má baà ṣèèṣì fún un. Aláìsàn á mú páálí kékeré kan lọ sílé tí nọ́ńbà káàdì rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ni èèyàn ń jẹ́. Wọ́n á sọ páálí nù, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ ṣòkòtò, ọmọ wọn á jẹ ẹ́. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà wá, a óò ṣí káàdì tuntun fún un. Nígbà tí a bá sì wá rí ti àtijọ́, a óò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tuntun pé: "Wo káàdì nọ́ńbà báyìí." Ìyẹn la ń pè ní okùn. Ẹni tó bá sọ páálí nù lẹ́ẹ̀kan ní okùn kan, ẹni tó bá sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀mejì ní méjì. Bàbá arúgbó kan wà tí okùn tirẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹnì kejì mi ní yàrá káàdì, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í yára sí ohunkóhun àfi oúnjẹ ọ̀sán, máa ń sọ pé, "Bàbá yìí, lọ́jọ́ kan á gbàgbé orí ara ẹ̀ sínú ọkọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń di èèyàn sínú. Bí o bá ṣẹ̀ mí lọ́dún tí o bí ọmọ rẹ, màá ṣì máa bá ọ kà á lọ́dún tí ọmọ náà ń gbéyàwó. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin tó máa ń bá bàbá wa fa ayùn. Gẹdú ni bàbá wa ń là, ayùn tó sì ń lò, ẹni méjì ló ń fà á, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ó ní ọ̀kan nínú àwa ọmọ òun gbọ́dọ̀ wá di ìdí kejì mú. Olùkọ́ wa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n yìí, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àbúrò ló ní orí ìṣirò. Ẹ jẹ́ kó dúró." Bàbá wa nu ìyẹ̀fun igi kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú." Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò rẹ̀, èmi ni mo lọ fa ayùn. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó o.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé kọ̀ǹpútà ló máa gba iṣẹ́ káàdì, ta ni ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ náà fún? Ọmọ obìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Ó wọlé sí yàrá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Kékeré. Ẹ̀yin ni mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀." Bàbá Kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí tèmi, bí ìgbà tí wọ́n tún mi rán lọ sídìí ayùn ló rí. Nígbà tó jáde, Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Káàdì, ẹ ti bímọ tó máa gbàṣẹ́ lọ́wọ́ yín." Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo bí i."

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ náà. Kò gbéra ga. Ó ń bá mi gun àkàbà, ó ń bá mi gbọn eruku, ó ń béèrè ìdí tí mo fi tẹ igun káàdì kan tí mi ò tẹ òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sórí àkàbà, ó mú káàdì tó ti bàjẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Kékeré, ẹ wò ó. Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀, àmọ́ ó ń lo àkókò. Kí n tó gbé ètò yìí fún wọn, mo gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́jọ́ tó bá burú jù."

"Kí ló dé tí o ò ka ọjọ́ tó dáa?"

"Ọjọ́ tó dáa ò ní wàhálà, sà. Tí káàdì bá wà níwájú dúróà, ta ló máa bínú? Ọjọ́ tó bá wà lẹ́yìn pátápátá, tàbí tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá tí wọ́n ṣì ń wá a, ọjọ́ yẹn la máa ń kà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹsẹ̀ mi ti mọ ohun tó ń sọ kí wọ́n tó bí i. Ẹni tó bá ti wá káàdì tí kò sí níbẹ̀ láti dúróà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọjọ́ tó burú jù fún un. Ọmọ náà ya ìyípo ńlá kan, ó ya òmíràn sínú rẹ̀. Ó ní ìyípo tó wà níta, àwọn aláìsàn tó tò sórí ìlà ni, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan. Ti inú, àwọn káàdì ni. Fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti káàdì àkọ́kọ́, á máa ṣí wọn lọ títí tó fi máa rí tirẹ̀.

"Tí ìyípo kan bá parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, a máa ro wọ́n pọ̀ ni. Àmọ́ tí ọ̀kan bá wà nínú ìkejì, a máa sọ wọ́n di púpọ̀ ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń ga."

Mo bi í pé aláìsàn mélòó ló fẹ́ kà. Ó ní ọgọ́ta. Mo ní, "Káàdì tó wà níbí jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì. Ọgọ́ta lọ́nà ọ̀kẹ́ méjì, ọgọ́fà ọ̀kẹ́ nìyẹn." Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, kò tíì tẹ̀ ẹ́ tán. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó wojú mi. Ó pariwo, "Bàbá Kékeré! Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ó dín díẹ̀! Ẹ̀yin yìí, tí ẹ bá kàwé ni, ta ló máa rí ẹ̀yìn yín?"

Ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ náà yìn mí ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti bàjẹ́. Tí ẹ bá kàwé ni. Ta ni kò jẹ́ kí n kàwé? Owó ilé ìwé tó kọ́ bàbá rẹ̀, pákó tí mo bá wọn là ló mú un wá. Mo wo ojú rẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo rí.

Ó yí káàdì náà, ó ya ìyípo kẹta sínú ìkejì. Ó ní, "Ó ku okùn. Tí ẹ̀rọ bá rí 'wo káàdì báyìí,' á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè láti wá ìyẹn, títí á fi kan káàdì tí kò ní okùn. Lẹ́yìn náà ló máa wá kó gbogbo ohun tó rí jáde lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù tí ẹ ti rí lára ẹnì kan, okùn mélòó ni?"

Mẹ́tàdínlógún wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Méjì."

"Ó dá yín lójú, sà?"

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti lò níbí nígbà yẹn tí o wà lẹ́yìn ìyá ẹ." Irọ́ ni ìyẹn náà, iye ọdún kò tilẹ̀ bára mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́, ó bi òun náà. Jẹ́jẹ́ wò mí. Mo wo Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bí Bàbá Káàdì ṣe sọ ọ́ náà ni." Ọmọ náà wá béèrè ìbéèrè kan sí i, ìbéèrè tó jẹ́ pé bí kò bá béèrè rẹ̀, bóyá n kì bá ti ronú kàn án láé. Ó ní, "Ṣé okùn lè padà síbi tó ti wá? Kí káàdì kìíní ní kí n wo ìkejì, kí ìkejì ní kí n wo ìkíní?"

"Wèrè wo ló máa so irú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń kọ ọ́: okùn méjì, kò sí èyí tó ń padà, Bàbá Kékeré ló sọ ọ́. Ó ṣírò rẹ̀: ìwákiri mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òjìdínnírinwó ọ̀kẹ́ fún gbogbo ìlà. Ó ní kọ̀ǹpútà á ṣe é tán kí nọ́ọ̀sì tó kí ẹni tó kàn. Ìṣirò náà kò ní àbùkù kankan. Ohun tí mo fún un láti ṣírò ló jẹrà.

Oṣù méjì la fi tẹ àwọn káàdì sínú kọ̀ǹpútà, èmi, Jẹ́jẹ́ àti akọ̀wé obìnrin kan. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni gbogbo wa fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo kan káàdì aránṣọ.

Obìnrin kan ni tó ń ránṣọ ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà ló dúró sójú fèrèsé wa, tí mo ń wá káàdì rẹ̀ tí mi ò tètè rí i. Káàdì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan láti ìgbà tó wà lọ́mọge, ọ̀kan lẹ́yìn tó lọ sílé ọkọ, ọ̀kan nígbà tó tún sọ páálí nù. Ó yọ orí sí fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀wé kà ṣá?" Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun gan-an gbàgbé kó tó dé ẹnu géètì. Èmi kò gbàgbé.

Káàdì kẹta rẹ̀ ní kí a wo ìkejì, ìkejì ní kí a wo ìkíní. Ìkíní ni bírò pupa wà lára rẹ̀: abẹ́rẹ́ kan báyìí, ara rẹ̀ kò gbà á. Kò sí okùn lẹ́yìn ìyẹn. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo fi ìka méjì mi tẹ okùn kan mọ́ ìkíní: wo káàdì kẹta. Ẹ̀rọ á lọ láti kẹta sí kejì, láti kejì sí kìíní, láti kìíní padà sí kẹta, kò sì ní dé ibi tó máa dúró láé. Èèyàn tó bá bá irú okùn bẹ́ẹ̀ pàdé á rẹ́rìn-ín, á sì sọ káàdì lélẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n rín.

Mo fi ẹni tó dá mi búra pé n kò fẹ́ kó kú. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó wá lọ́jọ́ kan nítorí ibà tàbí ikọ́, kí kọ̀ǹpútà dúró bí òmùgọ̀, kí wọ́n wá máa wá mi káàkiri, kí òun náà dúró sí fèrèsé kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ kó rí i. Nǹkan kékeré ni mo kà á sí. Ẹ wo bí nǹkan kékeré mi ṣe dàgbà.

Ètò náà ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí wàhálà. Bàbá olókùn mẹ́tàdínlógún wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ pẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì kàn pòṣé ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá káàdì pa. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, ìkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì rìnrìn àjò. Èmi wá di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, tí kò níṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun kan ni ọkọ aránṣọ gbé e wá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé omi tà ló ń wà, inú ọkọ̀ omi náà ló gbé e sí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló gún un ní ọwọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, ọwọ́ náà ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń kọjá. Mo dá a mọ̀.

Nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyípo kékeré tó máa ń yí lójú kọ̀ǹpútà bí ó bá ń wá nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń yí. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà kò lè kọjá, nítorí ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan ni ẹ̀rọ ń ṣe é. Dókítà bi ọkọ rẹ̀ pé, "Oògùn kankan wà tí ara ẹ̀ kì í gbà?" Ọkọ ní, "Abẹ́rẹ́ kan wà, sà. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó wà nínú káàdì." Dókítà ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá?" Ó ní, "Ó wà nínú káàdì, sà. Inú káàdì ló wà." Ó kàn ń tún un sọ ṣáá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Kò wọ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá káàdì."

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Ṣebí ẹ̀rọ yín ti gbaṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Obìnrin kan ń kú lọ."

Ọwọ́ òsì mi wà nínú àpò ṣòkòtò. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fún un débi pé eyín rẹ̀ wọ ẹran ara mi. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Mo gbàgbé ẹ̀ sílé."

Ibi tó burú jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń retí kó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn mi pé bó bá lè tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré, kó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ wo àpò yín wò," màá yọ ọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kò wáyé. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó yí padà, ó sì sáré lọ pe káfíńtà kó wá fi òòlù já ilẹ̀kùn. Mo jókòó. Mo ń gbọ́ òòlù. Ilẹ̀kùn náà le, èmi ni mo ní kí wọ́n fi igi líle ṣe é.

Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, dókítà ti dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò lè dúró mọ́. Ó lo abẹ́rẹ́ tí gbogbo dókítà máa ń lò fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ náà kò rí ọ̀sán. Nígbà tí mo tó dìde lọ síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú páálí kékeré náà dání. Ó na án sí mi nítorí pé mo wọ aṣọ òṣìṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Kò sọ eléyìí nù. Inú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ ló tọ́jú ẹ̀ sí. Ó ní wọ́n ti bínú sí òun tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀." Mo gba páálí náà, mo wò ó, mo dá a padà fún un. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni mo fi ń jẹun títí di òní.

Mo ṣì tún ṣe ọ̀kan sí i. Kí ìgbìmọ̀ tí ilé ìwòsàn ní kó wádìí ikú náà tó jókòó, mo wọ yàrá káàdì tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́, mo sín ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé àtijọ́ kan tó ti kú jẹ, mo sì kọ okùn yẹn sára káàdì àkọ́kọ́ gan-an, kó lè dà bí àṣìṣe ọjọ́ pípẹ́. Jẹ́jẹ́ rí mi. Ó ní, "Ẹnu mi ti wà lẹ́nu yín látìgbà tí mo ti gbà pé méjì ni, Bàbá Káàdì. Ẹ máa ṣe é lọ." A kò tún bá ara wa ṣàwàdà mọ́ títí tó fi kú.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó sí tábìlì ìgbìmọ̀. Wọ́n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kó ṣàlàyé. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìyípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n, ó ní òun ka ti inú sí ìwákiri mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló sọ fún ọ pé kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo wà lórí àga ẹlẹ́rìí, n kò jìnnà sí i ju ìwọ̀n apá kan lọ. Mo rí ojú ìwé náà. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe rọra sún sórí ìlà tó ti kọ orúkọ mi, tó sì dúró síbẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ó yẹ kí n fi òpin sí ìyípo yẹn. Èèyàn kì í kọ ìyípo tí kò ní òpin nítorí pé wọ́n ní kò séwu." Wọ́n lé e. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ pé àìbìkítà rẹ̀ pa èèyàn. Kò sí ibi tó gbé ìwé yẹn lọ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Mo gbọ́ pé ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọdé báyìí ní ìlú mìíràn, kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń ro àtàǹpàkò yẹn. Ṣé ó mọ̀ ni, àbí ó kàn bọ̀wọ̀ fún àgbà? N kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó bi mí pé, "Àbúrò mi, ṣé o mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Mo ní rárá. Ó mi orí. Ó wá ní, "Ọgbọ́n ìṣirò tó wà lórí ọmọ yẹn, ọ̀dọ̀ tìẹ ló ti wá. Èmi mọ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí olùkọ́ wá. Ẹ̀rù bà mí pé bàbá á ní kí èmi wá fa ayùn." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti kíláàsì kẹrin nìyẹn. Ó dé nígbà tí mo ti fi ọmọ rẹ̀ san án. Mo ní, "Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó rò pé mo ti dárí jì í. Ó kú lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ bá mi fi í sínú fáìlì ọmọ náà, lórí èyí tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kí ẹ sọ fún awakọ̀ omi náà pé ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ kan lójú fèrèsé ni. N kò ní kó dárí jì mí. Bó bá lè ṣe é, kó ṣe é. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ bá a jà bó bá gba ìjà, kó sì parí síbẹ̀. Èyí tí ẹ bá dì sínú kò mọ ẹni tó yẹ kó bù jẹ. Tèmi fò kọjá bàbá mi, ó fò kọjá ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ bu obìnrin tó ń ránṣọ.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí mọ́. Mo ti ṣírò bí ì bá ṣe pẹ́ tó ká ní mo dìde lọ ṣí i lọ́jọ́ náà, lọ́nà tí ọmọ náà kọ́ mi, kì í ṣe ọjọ́ tó dáa, ọjọ́ tó burú jù lọ ni mo kà. Láti bẹ́ǹṣì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ogójì ìṣísẹ̀. Láti ilẹ̀kùn dé dúróà rẹ̀, mọ́kànlá. Mo ní kí ẹsẹ̀ máa dùn mí. Mo ní kí kọ́kọ́rọ́ há sínú ihò rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí dúróà tí kì í ṣe tirẹ̀, kí n sì wo káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ kí n tó kan bírò pupa. Mo ti ṣe é sókè, mo ti ṣe é sódò, kò ju kí èèyàn rọra kà dé igba lọ.